Owó Wúrà Tí Òṣùmàrè Su Sílẹ̀

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí mo sì wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin ní Markham nílùú oyìnbó, kò pẹ́ tí mo fi rí i pé kò sí ẹni tí mo lè kọ́ ní nǹkan kan mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi, ó ti mọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin tó bí, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn bí mo bá bá a sọ Yorùbá. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọnfílèèkì, mo ń wá àṣìṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo rí ọ̀kan, tí mo sì fi bírò pupa yí i po, ọmọ mi gbé páálí náà sókè, ó wò ó, ó tún wò mí.

“Mummy,” ló wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí ẹ ó máa lọ.”

Ó wá a lóòótọ́. Ó rí i lórí fóònù rẹ̀ pé àwọn àgbà kan máa ń pàdé ní láíbìrì àdúgbò wa lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, pé wọ́n ń kó owó jọ. Bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi nìyẹn, torí pé ó ń kánjú lọ sí ṣíìfù. Kíkó owó jọ! Inú mi dùn. Èsúsú tí èmi àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń dá nílé kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo fi owó sínú àpòòwé, mo kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀ gàdàgbà, mo wọ bùbá tó mọ́, mo lọ.

Ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n funfun, tó fi okùn so gíláàsì kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ ọrùn, ló gba àpòòwé náà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Mo bi í pé ta ló máa kọ́kọ́ kó. Ó ní kó kí ni? Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa, a rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń ṣọ́ láíbìrì fi yọjú sí wa. Owó àtijọ́ ni wọ́n ń kó jọ, owó tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ra búrẹ́dì mọ́. Wọ́n dá àpòòwé mi padà, wọ́n fún mi ní tíì, wọ́n sì fa àga fún mi. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà.

Oríṣiríṣi owó ni wọ́n máa ń gbé wá, ṣùgbọ́n owó wúrà àwọn Kẹ́ltì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Kẹ́ltì ni kí ẹ pè é o, ẹ má pè é ní Sẹ́ltì. Èmi náà ṣì í pè títí wọ́n fi tún mi ṣe. Kí àwọn ará Róòmù tó ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ni àwọn ẹ̀yà yìí ti ń rọ owó wúrà ní Yúróòpù. Àwọn Boii wà lára wọn, àwọn tí ilẹ̀ Bòhímíà jogún orúkọ wọn. Àwọn Parisii náà wà níbẹ̀, àwọn tó fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìlú Paris, àti àwọn Iceni ní etí òkun Bìrìtéènì, tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán ẹṣin. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ àti àmì tirẹ̀. Èdè wọn jọra, wọn kò ní ọba kan ṣoṣo, wọ́n sì ń bá ara wọn jà dáadáa. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn má mọ ara wọn sí Kẹ́ltì rárá, kò yà mí lẹ́nu. Ẹ bi Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́ bóyá Yorùbá ni, Ìjẹ̀bú ni yóò sọ fún yín pé òun jẹ́.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni bí àwòrán ara owó náà ṣe ń yí padà. Owó ọba Masidóníà kan ni wọ́n kọ́kọ́ wò rọ. Orí ọkùnrin tó dé ewé wà lójú kan, kẹ̀kẹ́ ogun tí ẹṣin méjì ń fà wà lójú kejì. Alágbẹ̀dẹ kan wo ti Masidóníà, ó rọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn wo ti alágbẹ̀dẹ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí ẹṣin méjì fi di ẹyọ kan, tí kẹ̀kẹ́ ogun kò sì ku ju táyà kan ṣoṣo lọ lábẹ́ ikùn ẹṣin. Mo sọ fún wọn pé mo mọ irú ìyẹn. Mo ti kọ́ kíláàsì tó kún fọ́fọ́ rí, tó jẹ́ pé ọmọ iwájú nìkan ló ń rí pátákó. Òun ya màlúù. Ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ wo tirẹ̀ yà. Kó tó dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, màlúù ti di tábìlì oníwo.

“Rárá o, Tíṣà,” ni onírùngbọ̀n wí. “Àwọn Kẹ́ltì kò ṣàṣìṣe. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹwà ṣe rí lójú tiwọn nìyẹn.”

Mo rò ó títí, mo sì gbà fún un. Àwọn ọmọ ìjókòó ẹ̀yìn mi nìkan ló ṣàṣìṣe.

Ẹni tó máa ń jókòó tì mí ni bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. Abúlé àgbẹ̀ kan ní ìhà gúúsù Jámánì ni wọ́n ti bí i. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán, ó fa áńkáṣíìfù kan yọ lápò, ó rọra tú u sórí tábìlì. Owó wúrà kan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí owó yòókù. Ó kó inú bí ìdérí ìgò, bí àwo tí èèrà lè fi jẹun. Nínú rẹ̀, mo rí ẹ̀gbà ọrùn tó tẹ̀ kọrọdọ, àti àwọn róbótó-róbótó bí ẹ̀wà. Lẹ́yìn rẹ̀, orí ẹyẹ ni, tí ewé yí ká.

“Àwo òṣùmàrè là ń pè é nílé wa,” ló wí. “Àwọn àgbà ní ibi tí òṣùmàrè bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ló máa ń jù ú sí. Ìyá mi ló rí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Òjò dá, ó jáde sí oko, ó rí i tó ń dán. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máà gbà á gbọ́. Ó ní òun ti fi irin ìtúlẹ̀ kọjá lórí ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òun kò rí nǹkan kan.”

Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ẹbí wọn, wọ́n á fi owó yìí sí i lọ́wọ́, wọ́n á sì sọ ìtàn òjò yẹn sí i létí. Wọ́n sọ ọ́ sí òun náà létí. Ní báyìí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Georgetown, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ìdí nìyẹn tó fi gbé owó náà jáde.

Ẹ gbà mí, n kò mọ ìgbà tí mo kígbe. “Imí òṣùmàrè!”

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní láti ṣàlàyé. Ilé-Ifẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ìyá ìyá mi a máa sọ fún wa pé òṣùmàrè máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá mumi, àti pé ẹni tó bá rí imí rẹ̀ nílẹ̀ ti là, ó bọ́ lọ́wọ́ òṣì. Bí òjò bá ti dá, àwa ọmọ á sáré jáde, a ó máa wo ojú àgbàrá. A kò rí wúrà rí. Ṣùgbọ́n a máa ń rí sẹ̀gi aláwọ̀ aró, ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ará àtijọ́, tí àgbàrá hú jáde kúrò nínú ilẹ̀. Ìyá àgbà á gbà á lọ́wọ́ wa, á fi ìdí aṣọ nù ún, á ní, “Ẹ wò ó, ó kéré, ṣùgbọ́n òun ni.”

“Kí ni imí?” ni ọ̀rẹ́ mi bi mí.

Mo ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ̀ pé èèyàn kì í yí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni onírùngbọ̀n ti mú owó náà, tó gbé gíláàsì rẹ̀ lé e. Ó ní kò dá òun lójú. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ojúlówó, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé dídà ni wọ́n da èyí. Ó ní ilà kan wà ní etí rẹ̀ tó jọ ojú ibi tí àwo méjì tí wọ́n ń da wúrà sí ti pàdé.

“Ẹ̀dà ni,” ló wí. “Wọ́n máa ń tà á fún àwọn àlejò. Má bínú, ọ̀rẹ́.”

Ọ̀rẹ́ mi kò bínú. Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀, ó dúpẹ́ tíì, ó lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àga rẹ̀ ṣófo. Mo pè é lórí fóònù.

“Tíṣà,” ló wí, “ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń sọ ọ́ láti kékeré pé ọjà ni ìyá wa ti ra nǹkan yẹn, pé irọ́ ló ń pa fún wa. Mo bá a jà nítorí ẹ̀. Títí ẹ̀gbọ́n mi fi kú, a kò yanjú ẹ̀. Ọmọ yẹn máa dé láìpẹ́. Mi ò lè fi irọ́ sí ọmọ tuntun lọ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ alẹ́ mi. Mo rò ó fún ọmọ mi bó ṣe ń bu ìrẹsì. Síbí dúró sókè lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mummy! Wọ́n rí góòlù nílẹ̀? Lẹ́yìn òjò? Ẹ̀yin tí ẹ gbé Nàìjíríà dàgbà! Ṣé ẹ ò mọ àwọn tó máa ń rí góòlù nílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta ni?”

“Oyìnbó ni bàbá yìí.”

“Ṣé oyìnbó ò lè ṣe fọ́ọ̀-wan-náìn ni?”

“Kò ní òun ń tà á.”

“Wọn kì í kọ́kọ́ tà á, Mummy. Wọ́n á kọ́kọ́ sunkún. Ó ti sunkún?”

“Ẹ̀rín ló pa á lẹ́kún,” ni mo wí. “Imí òṣùmàrè ló pa á lẹ́rìn-ín.”

Ọmọ-ọmọ mi gbójú sókè nínú àwo rẹ̀. “Grandma, did you just say rainbow poop?”

“Sọ ọ́ ní Yorùbá kí n tó dá ẹ lóhùn.”

“Imí òṣùmàrè,” ló wí wàrà, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí adùn rẹ̀. Odindi ọdún ni mo ti ń fi ìtàn Ìjàpá bẹ ọmọ yìí. N kò mọ̀ pé imí ló ń dúró dè.

Mo ti gbọ́ nínú ẹgbẹ́ wa pé mùsíọ́ọ̀mù kan wà láàárín ìlú tó ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń bá àwọn ará ìlú yẹ ohun àtijọ́ wò. Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí ni òun fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀? Mo ní òótọ́ ló fẹ́ lọ gbọ́, torí pé ìwò ẹ̀ẹ̀kan péré ni onírùngbọ̀n wò ó, èèyàn kì í sì í fi ìwò ẹ̀ẹ̀kan máàkì ìdánwò. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ ayédèrú ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ ó ti mọ̀, ẹ ó sì wá nǹkan mìíràn fi sí ọmọ lọ́wọ́.”

Nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kò fara balẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń fọwọ́ tẹ àpò ẹ̀wù rẹ̀. Mo ní kí n fi ẹ̀kọ́ gbà á lọ́kàn, torí pé látọjọ́ tí mo ti pe ọ̀rọ̀ yẹn létí rẹ̀ ló ti ń ṣì í pè.

“Èmi òṣùmàrè,” ló wí.

“Rárá. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀yin gan-an ni òṣùmàrè. Re, mi. I-mí.”

“Ẹ̀mí.”

“Ẹ̀mí ni ohun tó wà nínú yín tí ẹ fi wà láàyè. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lóko. Re, mi.”

“Imí!” Ó pariwo rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó kọjú sí wa, tó di nǹkan sétí, yọ ọ́ lójijì. Ó wo bàbá, ó wò mí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí ìjókòó.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń kọ́ Bàbá yìí?”

“Ẹ̀kọ́ nípa owó wúrà ni,” ni mo dá a lóhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gba owó náà lọ́wọ́ wa ní mùsíọ́ọ̀mù. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì jẹ́ kí àwa náà rí i lójú kọ̀ǹpútà. Owó tó kéré ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ wá tóbi bí ọpọ́n. Ó fi hàn wá bí etí wúrà náà ṣe sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìyẹ̀fun tí a tẹ̀ kó tó rọ̀ dáadáa. Ó ní òòlù ló ń ṣe irú ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n dà á ni, à bá rí ojú ihò tíntìntín tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé etí tí onírùngbọ̀n tọ́ka sí síwájú wa.

“Èyí kì í ṣe ojú ìdàpọ̀,” ló wí. “Ẹ wò ó. Nǹkan líle kan ló wọ́ kọjá lára rẹ̀. Wúrà rú sókè sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ebè. Erùpẹ̀ ṣì há sínú rẹ̀ di òní. Mo ti rí irú rẹ̀ lára àwọn mìíràn. Irin ìtúlẹ̀ ni.”

Èmi ni mo béèrè ìdí tí wọ́n fi máa ń rí wọn lẹ́yìn òjò. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní irin ìtúlẹ̀ á hú wọn dé òkè, òjò á wá fọ erùpẹ̀ kúrò lára wọn, wúrà kì í sì í dógùn-ún, nítorí náà á máa dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú sílẹ̀. Ohun tí ìyá ìyá mi rí lójú àgbàrá Ifẹ̀ nìyẹn gan-an. Òjò ló ń ṣe iṣẹ́, òṣùmàrè ló ń gba ìyìn.

Mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòletò, nítorí náà mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó má sáré jù. Ẹ̀rí yìí kò sọ pé ìyá rẹ̀ ló ṣà á. Ohun tó sọ ni pé ojúlówó ni, àti pé oko ló ti wá.

“Bàbá rẹ̀,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. “Bàbá rẹ̀ ní òun ti fi irin ìtúlẹ̀ kọjá lórí ibẹ̀.”

Mo rántí. Ó ti sọ ọ́ fún wa ní láíbìrì kí ẹnikẹ́ni tó mẹ́nu ba ilà etí owó. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un, ní abúlé tí kò ti sí ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹni tó lọ ra nǹkan lọ́jà kò ní mọ̀ pé ó yẹ kóun fi irin ìtúlẹ̀ kún irọ́ òun. Mo ro ọ̀nà gbogbo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìbá fi jà á níyàn, n kò rí èyí tó dúró.

“Ó dáa,” ni mo wí. “Ìyá yín gba máàkì pé.”

Ó fi áńkáṣíìfù yẹn, èyí tó fi di wúrà wá, nu ojú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà wá páálí kékeré kan fún un láti kó owó náà sí.

Ní Ọjọ́bọ̀, onírùngbọ̀n ti gbọ́ kí a tó dé. Ó ra dónọ́ọ̀tì, ó gbé e síwájú ọ̀rẹ́ mi, ó ní òun fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyá òun fẹ́ràn èyí tó ní ṣokoléètì. Ó jẹ ẹ́ lórúkọ ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà dé nígbà tí ewé ti kún orí igi. Ọmọbìnrin ni. Wọ́n pè mí sí Georgetown, ọmọ mi sì ní òun ló máa wà mí lọ. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn fọ́ọ̀-wan-náìn yìí. Kéèkì ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ó di báàgì rẹ̀ mú.

Nínú pálọ̀, ọ̀rẹ́ mi jókòó, ó gbé ọmọ lé itan. Ó fi owó wúrà náà sí i lọ́wọ́. Àwọn ìka wẹ́wẹ́ náà pa dé mọ́ ọn, bí gbogbo ọmọ tuntun ti máa ń ṣe, mo sì rọra di ọrùn ọwọ́ náà mú, kó má lọ gbé e sẹ́nu. Ó sọ ìtàn òjò fún un. Ó sọ ti oko, ti bí wúrà ṣe ń dán, ti bàbá tí kò fẹ́ gbà gbọ́. Nígbà tó parí, ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí i létí ketekete, láìṣì í pè níbì kankan: “Imí òṣùmàrè.”

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

“Ó mà dùn ún gbọ́ o,” ni ìyá ọmọ wí. “Àdúrà ni? Kí ló túmọ̀ sí?”

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi, ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Tíṣà ló máa ṣàlàyé.”

Gbogbo ilé ń wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ mi fi kéèkì bo ẹnu. Mo tún gèlè mi ṣe, mo wúkọ́ díẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bójú mu. Kí n tó rí i, ọmọ tuntun fajú ro, ó di owó náà mú gírígírí, ó fún ara rẹ̀, ariwo kékeré kan sì jáde nínú nápì rẹ̀ tí kò sí ẹni tí kò gbọ́.

“Ẹ ṣeun,” ni mo wí. “Ó ti bá mi ṣàlàyé ẹ̀.”